Kí Wọ́n Tó Bò Ó

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ń dán, ilé alájà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, kọ́fáàtì tí àwọn èèyàn ńlá wá gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀: ojú ni gbogbo ìyẹn. Ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ti bò ó kí wọ́n tó kó kánópì àti àga dé. Láàárín ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ tán àti ìgbà tí kọnkéré wọ inú rẹ̀, ó lè má ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹni tí ìjọba ń sanwó oṣù fún láti wà létí kòtò ní wákàtí mẹ́ta yẹn ni à ń pè ní ẹnjìnníà ìjọba. Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí lẹ́tà tó lè kọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó máa fi ohun tó ti wọlẹ̀ hàn án.

Iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ òde tí ìjọba ń ṣe ní Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti 1976 tí wọ́n ti yọ Ìpínlẹ̀ Ògùn jáde lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀, kò sí ìjọba tó jẹ tí kò nílò ilé òṣìṣẹ́, ọ́fíìsì, ọ̀nà àti gọ́tà. Ìbarà, Asẹ́rò, Òkè-Mọ́sàn: ẹnjìnníà ìjọba ti dúró létí kòtò ní gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń bá nínú kòtò náà ló mú kí iṣẹ́ ibí yàtọ̀ sí ti Èkó.

Ìlú tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta, ó yẹ kó ti yé ẹnikẹ́ni pé òkúta ni yóò bá. Ohun tí kì í yé wọn ni pé òkúta náà kò tẹ́jú. Lókè, ilẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gbẹ́ mítà 1 níbí, ẹ kan àpáta. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà 5, ẹ gbẹ́ mítà 3, erùpẹ̀ rírọ̀ lẹ ṣì ń kó. Gíráníìtì àti àwọn àpáta líle tó bá a tan ló wà lábẹ́ ìlú náà. Òjò àti ooru àìmọye ọdún ti jẹ apá kan rẹ̀ di erùpẹ̀, ó sì fi apá kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ gba ọ̀nà Èkó dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, ilẹ̀ ti yí padà pátápátá, ó ti di ìpele lórí ìpele. Ẹni tó bá gbé àwòrán ìpìlẹ̀ tí wọ́n yà fún Ewékorò wá sí Asẹ́rò, wàhálà ló rù wá.

Ìyà tó máa ń jẹ ilé lórí irú ilẹ̀ báyìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Igun méjì ilé jókòó sórí àpáta, igun méjì yòókù jókòó sórí erùpẹ̀. Bí ilé bá ti wúwo tán, erùpẹ̀ lè tẹ̀ ní mìlímítà 20 tàbí 30. Àpáta kò ní mì rárá. Ká ní gbogbo ilé ló jọ tẹ̀ ní 30, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Títẹ̀ apá kan ló ń ya ògiri. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, á máa gun òkè lọ bí àtẹ̀gùn, á máa tọ ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti so pọ̀. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí i, wọ́n á kùn ún. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, ó ti tún yọjú.

Ohun tó dára jù ni kí gbogbo ìpìlẹ̀ dé orí àpáta. Bí àpáta bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ, kí wọ́n gé ìpìlẹ̀ ní àtẹ̀gùn, kí kọnkéré òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga àtẹ̀gùn náà: bí àtẹ̀gùn bá ga ní mìlímítà 225, kí ó gùn ún ní 450. Bí ó bá jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ni àpáta ti yọ orí, ó sàn kí wọ́n fọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 300 sí 450, kí wọ́n fi yangí tàbí òkúta wẹ́wẹ́ dí i, kí wọ́n sì lù ú pa, kí igun yẹn lè rí ohun tẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Bí méjèèjì ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ya ilé sí méjì, kí àlàfo mìlímítà 25 wà láàárín wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kan da kọnkéré lé àpáta àti erùpẹ̀ pọ̀, kí wọ́n wá máa gbàdúrà.

Ẹ̀tàn kan tún wà. Kì í ṣe gbogbo òkúta tí dígà bá kàn ló jẹ́ àpáta tó fìdí múlẹ̀. Àwọn kan kàn jókòó sínú erùpẹ̀ bí iṣu nínú ebè ni, wọ́n lè tóbi tó mọ́tò, kí erùpẹ̀ rírọ̀ sì wà lábẹ́ wọn. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń fi ọ̀pá irin lù ú: àpáta tó fìdí múlẹ̀ á dún gan-an, á sì gbọn ọwọ́ ẹni, èyí tó kàn jókòó á dún kúbú. Etí dára, àmọ́ ẹ má fi etí nìkan kọ́lé. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó ní ìdí tàbí kò ní.

Òkúta yìí kan náà ni ibi tí owó ti máa ń sọnù. Nínú ìwé iṣẹ́, iye tí wọ́n ń san lórí kúbíìkì mítà àpáta máa ń ju ti erùpẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe á fẹ́ pe erùpẹ̀ tó le díẹ̀ ní àpáta. Ìlànà tó wà ni pé ohun tí dígà àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀ lásán bá lè kó, erùpẹ̀ ni. Ohun tó gba kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta, tàbí iná, àpáta ni. Iná tí mo wí yìí, ará Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n: wọ́n á dáná sórí àpáta títí ojú rẹ̀ á fi ṣí bí èèpo, wọ́n á wá fi òòlù ńlá gbá a. Ẹnjìnníà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ líbẹ́lù, èyí tí wọ́n fi ń mọ gíga ilẹ̀, wọn ojú àpáta kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ ọ tán, kí òun àti aṣojú agbaṣẹ́ṣe sì jọ fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré lé e, ẹni tó bá lè pariwo jù ni yóò gba owó.

Fún ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án, kòtò tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 675, kọnkéré inú rẹ̀ sì nípọn ní 225. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mítà 1 kòtò gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà 0.15. Bí ẹ bá po kọnkéré ní 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kúbíìkì mítà 1 ń jẹ sìmẹ́ńtì tó lé díẹ̀ ní àpò 6. Ìyẹn ni pé mítà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi àpò 1. Ìṣirò yìí wúlò ju bí ó ṣe rí lójú lọ, torí pé kòtò mítà 60 tó jẹ àpò 35 ti jẹ́rìí sí ara rẹ̀. Àwọn kan ti mọ̀ pé à ń ka àpò òfìfo nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì kó òmíràn wá láti ibòmíràn. Ẹ ka àpò tó kún láàárọ̀.

Àpò ọ̀hún náà ní oríṣi. Ní 2014, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, SON, là á sílẹ̀ pé sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, kí wọ́n máa lo 42.5, tó lágbára jù ú lọ, fún pílà, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò. Kíkà á kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, síbẹ̀ mélòó nínú wa ló ń kà á?

Omi ni bíríkìlà fẹ́ràn jù. Kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ kì í da ẹni tó ń rù ú láàmú, kì í sì da ẹni tó ń tẹ́ ẹ láàmú. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50, kò yẹ kó gba ju omi lítà 25 sí 30 lọ, kí a sì yọ omi tó ti wà nínú iyanrìn tútù kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e láti 25 dé 35, bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára kọnkéré yẹn ti bá omi lọ. Omi tí sìmẹ́ńtì ò lò á gbẹ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ihò yẹn náà ni òjò á gbà wọ ara irin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú omi àpọ̀jù kò ṣòro lò: kóònù irin tó ga ní mìlímítà 300, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 200, tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní 100. Ẹ rọ kọnkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, ẹ fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, ẹ gbé kóònù sókè, ẹ wọn bó ṣe wálẹ̀ tó. Fún dẹ́kìn àti bíìmù tí wọ́n ń pò nílẹ̀, wíwálẹ̀ 50 sí 100 dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí àmàlà tí kò jinná, ẹ dá a padà.

Dídá a padà yìí ló ṣòro. Òjò á ti ṣú lọ́ọ̀ọ́kán, láti ìhà Olúmọ, àwọn lébìrà á ti tò sórí ìlà, headpan lórí. "Ẹnjìnníà, òjò ti dé o, ẹ jẹ́ ká dà á, Olúwa á ṣọ́ ọ." Agbaṣẹ́ṣe tó dàgbà tó bàbá ẹni á sún mọ́ni: "Ọmọ mi, ìwọ náà rò ó wò." Èsì tó yẹ ẹni tó kéré ni, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti iyanrìn kún un, kí wọ́n tún un pò." Wọ́n á máa kùn. Iyì ẹni lè wọ́lẹ̀ díẹ̀ lójú wọn lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò pọ̀ jù fún dẹ́kìn tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ á sùn sábẹ́ rẹ̀.

Kúúbù, ìyẹn kọnkéré onígun tí wọ́n ń gbé lọ sí láàbù láti dán agbára rẹ̀ wò, kò ṣeé fọkàn tán bí ẹnjìnníà kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu kọnkéré rẹ̀. Mo mọ ìdí tí gbogbo kúúbù fi máa ń yege nígbà tí ògiri ń rún: wọ́n po tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó jọjú. Ẹ bu ú láti àárín iṣẹ́, lójijì, kúúbù 6, mìlímítà 150 níbùú lóròó. Ẹ fi ìṣó kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti bu ú sí ara rẹ̀ kó tó gbẹ. Ọjọ́ keje ni wọ́n á fọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n á fọ́ mẹ́ta yòókù. Ti ọjọ́ keje yẹ kó ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ẹ ń retí. Ẹ wọn kúúbù náà lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó fọ́ ọ: ó yẹ kó wúwo tó kílò 8. Èyí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ihò nínú.

Iyanrìn odò Ògùn dára bí ó bá jẹ́ ojú odò gan-an ni wọ́n ti bù ú. Èyí tí àgbàrá kó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní amọ̀ nínú, amọ̀ kì í sì jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì mọ́ iyanrìn. Ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ ti tó láti fi dán an wò: ẹ bu iyanrìn sí i dé ìdajì, ẹ da omi tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí lé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Amọ̀ á dúró lórí iyanrìn ní ìpele tirẹ̀. Bí ó bá ju ìdá 8 nínú 100 gíga iyanrìn lọ, kí típà máa gbé ẹrù rẹ̀ padà.

Àpò kan sìmẹ́ńtì yẹ kó mú búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án 25 sí 30 jáde. Àwọn kan ń fà á dé 45. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ti àwọn wọ̀nyí, kò tilẹ̀ dúró de ìrì, inú típà ni igun rẹ̀ ti ń já.

Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù, ilé amọ̀ àtijọ́ tó ṣì dúró ní apá Ìtòkò àti Sàpọ́n máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tó mọ wọ́n kì í mọ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, wọ́n á tó gun ìkejì lé e. Sùúrù yẹn wà nínú àdéhùn iṣẹ́ wa náà, lábẹ́ orúkọ míì: kí kọnkéré máa mu omi fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí pákó ìsàlẹ̀ dẹ́kìn má ṣe kúrò kí ọjọ́ 14 tó pé, kí ti bàkónì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ Abẹ́òkúta nínú oṣù kìíní àti èkejì máa ń fa omi inú dẹ́kìn jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ fi àpò òfìfo tó tutù bò ó, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Owó ẹni yẹn kì í sábà sí nínú ìṣirò agbaṣẹ́ṣe, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kì í fi í wáyé.

Nípa irin, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà Kútọ̀ tó láti mú olè. Ọ̀pá irin mìlímítà 12, tó gùn ní mítà 12, yẹ kó wọn kílò 10.7. Èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ 12 tó jẹ́ 10.5 ní tòótọ́ á wọn nǹkan bíi 8.2. Ojú kì í rí ìyàtọ̀ mìlímítà kan àbọ̀, àmọ́ ìdá 23 nínú 100 irin tó wà nínú àwòrán ti lọ. Ẹ wo gígùn náà pẹ̀lú. Ọ̀pá tí kò pé mítà 12 pọ̀.

Bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ irin, gbọ́dọ̀ nípọn ní mìlímítà 25 fún dẹ́kìn, kó tó 40 fún pílà, kó tó 50 fún ìpìlẹ̀. Ibi tí kò bá sí bísíkíìtì, irin á sùn sórí pákó. Bí wọ́n bá yọ pákó, ẹ ó rí i ní ihòhò. Ti bàkónì ló burú jù, torí òkè ni irin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn lébìrà á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń ru kọnkéré kọjá. Nínú dẹ́kìn mìlímítà 150, bí irin òkè bá wálẹ̀ ní 50 péré, agbára tó kù fún bàkónì yẹn lé díẹ̀ ní ìdajì. Kí wọ́n tẹ́ pákó tí wọ́n á máa gbà kọjá, kí wọ́n fi irin títẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣíà gbé irin òkè dúró, kí ayọnbẹ́ńdà kan sì dúró títí iṣẹ́ á fi parí, kó máa fa èyí tó bá wálẹ̀ sókè. Èyí tí wọ́n bá ti bò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà mọ́ títí ọjọ́ tí bàkónì bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kò yàtọ̀ púpọ̀, ìpele rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìlànà ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde béèrè pé kí yangí ìpele ìsàlẹ̀ ní CBR (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe lè gbé ẹrù tó) 30 lẹ́yìn tí wọ́n rì í sínú omi, kí ti òkè rẹ̀ tó 80. Rólà kò lè lu ju nǹkan bíi mìlímítà 150 lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kánjú á da 400, á yí rólà lórí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi le bí sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ wọn ohun tó jáde, ẹ fi iyanrìn tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dí i, ẹ ó mọ bó ṣe le tó. Àmọ́ ẹ gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ ìpele náà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí típà tó kún fún òkúta rọra kọjá, kí ẹ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kí ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ táyà. Ibi tó bá mì bí tìmùtìmù, ẹ fi ẹfun sàmì sí i, kí wọ́n hú u.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀ tí ará àdúgbò pàápàá lè ṣe. Ọkọ̀ tó kó tọ́ọ̀nù 30, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ ní mìlímítà 40 sórí ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 7.3, ó yẹ kó tán ní nǹkan bíi mítà 42. Bí ó bá dé mítà 50, nǹkan bíi mìlímítà 34 ni wọ́n tẹ́. Ó yẹ kó gbóná tó ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 135 ó kéré tán nígbà tó bá dé. Bí gbígbóná rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí ìwọ̀n 85, rólà kàn ń rìn lórí rẹ̀ lásán ni. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ nìkan lè sọ ọkọ̀ ọ̀dà kan di tútù.

Kí wọ́n tó ronú kan ọ̀dà, kí gọ́tà ti wà. Ìlú olókè ni wá. Omi kì í dúró, eré ló ń sá, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wá odò Ṣókòrí àti Ògùn lọ. Gọ́tà tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ọ̀nà máa ń ga ju etí ọ̀nà lọ, omi á wá rọ̀gbọ̀kú sórí ọ̀dà. Ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dagun láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ ní 2.5 nínú 100. Fún kọ́fáàtì olóruka, ìyẹn èyí tí wọ́n fi òrùka kọnkéré tò, kí wọ́n máa da ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, ní mìlímítà 150 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá da ẹ̀gbẹ́ kan kún tán kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, òrùka á yẹ̀, omi á rí ibi gbà lábẹ́ ọ̀nà, àdúgbò á sì rí ihò láàárọ̀ ọjọ́ kan tó tóbi tó láti gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá mì.

Owó ló ń yí púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí padà. Òfin ìgbaniṣẹ́ṣe ìjọba àpapọ̀ ti 2007 fi ìdá 15 nínú 100 ṣe òpin owó ìbẹ̀rẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe lè gbà nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó bá ṣe ni wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n ń san, kí wọ́n sì mú díẹ̀ dání títí àkókò àbùkù, tí agbaṣẹ́ṣe ṣì ní láti tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, á fi kọjá. Bí ìwé owó bá wà nínú fáìlì fún oṣù mẹ́jọ, sìmẹ́ńtì á ti gbówó lórí, irin tí wọ́n ti so á ti dógùn-ún, agbaṣẹ́ṣe tó bá padà wá kò ní í jẹ́ ẹni tó lọ. Mi ò gbèjà ẹni tó ń jalè sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ń sanwó pẹ́ ti kọ́ ọ ní ibi tí yóò ti mú un.

Ẹnjìnníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní ìpele 08, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ kòtò. Ó ń gbé tẹ́ẹ̀pù, ó ń ka àpò, kò sì tíì lè fọwọ́ sí nǹkan kan. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ni COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjìnníà ní Nàìjíríà, lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ń pọ̀ sí i lórí tábìlì rẹ̀, ipàdé ń pọ̀ sí i, bàtà rẹ̀ ń mọ́ sí i. Nígbà tó bá dé ìpele 15 tàbí 16, ìfọwọ́sí rẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún ohun tó ṣeé ṣe kó má rí rí. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí 60 lọ́jọ́ orí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, á kí àwọn èèyàn pé ó dàbọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kò ní àṣẹ, ẹni tó ní àṣẹ kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá tẹ ìlànà iṣẹ́ ìjọba, mi ò ní í fi kún ìwé rárá. Màá ní kí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí owó ìpìlẹ̀ wá dúró létí kòtò náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó bò ó.

Kí ó sì wá nínú mọ́tò ìjọba. Mọ́tò máa ń bàjẹ́, owó epo kì í sí, agbaṣẹ́ṣe á wá fi tirẹ̀ gbé ẹnjìnníà. Inú rẹ̀ tutù, wọ́n á ra gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà lọ́nà, wọ́n á sì dé síbi iṣẹ́ ní aago 11, nígbà tí wọ́n ti da kọnkéré tán ní aago 8. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ. Wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé a kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ni ṣọ́kàwéè àti pàìpù. Ṣọ́kàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọlẹ̀, bí ó bá jókòó sórí àpáta, kì í mu nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, omi rẹ̀ á yọ jáde sínú gọ́tà ẹ̀sítéètì, àwọn ará ilé á máa bá ara wọn jà. Ẹ gbẹ́ ihò mìlímítà 300 níbùú lóròó ní ìdí ibi tí ṣọ́kàwéè á wà, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó mu ún di ọjọ́ kejì, ẹ tún da omi 300 sí i. Ẹ wo iye àkókò tí omi fi wálẹ̀ láti 225 sí 75. Bí ó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, ilẹ̀ yẹn kò lè gba omi ìdọ̀tí, kí wọ́n wá ibòmíràn tàbí kí wọ́n fi pàìpù kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ojú kan.

Ti pàìpù omi, àwòrán tó wà nínú fáìlì máa ń fi í hàn ní ọ̀nà tààrà. Nínú ilẹ̀, ó ti yà nígbà mẹ́rin nítorí òkúta. Ẹni tó bá wá tún gọ́tà ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá á fi dígà gún un níbi tí ìwé ti sọ pé kò sí. Ọjọ́ tí pàìpù bá yà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n láti igun ilé méjì tí kò ní í ṣí kúrò, kí ẹ fi tádàwà pupa kọ ọ́ sórí àwòrán, ẹ̀dà kan ní ọ́fíìsì ẹ̀sítéètì, ẹ̀dà kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ikán máa ń jẹ ìwé. Nítorí náà, àwọn kan ń fi ọ̀dà pupa ya ọfà sára ògiri gọ́tà, wọ́n á kọ iye mítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà yẹn kì í ju òjò ọdún mẹ́ta lọ. Kí wọ́n fi ìṣó fà á sínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ gọ́tà náà, nígbà tó ṣì tutù.